Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọkọ̀ Tó Ń Ṣí Orí Gbé Bàbá Ìyàwó

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè parẹ́ lọ́kàn mi láéláé, bó ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ tó pé kó parẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ṣèlérí fún mi pé àwọn ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, mi ò tíì dé ibi tí ẹbí ti kóra jọ tí wọn ò ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́, bóyá màá lè gbe ara mi díẹ̀.

Ìlú Atlanta ni mò ń gbé. Iṣẹ́ ọsibítù ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n máa ń pè tí aláìsàn kan ò bá lè mí dáadáa. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀dẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mò ń wí yìí, èmi àti Bísọ́lá ti ń fẹ́ra wa sọ́nà, a sì ti pinnu pé a máa ṣègbéyàwó. Bísọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Stockbridge, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Ohun kan ṣoṣo ló kù: bàbá rẹ̀ ò tíì rí mi. Ìyá rẹ̀ ti rí mi lórí fóònù, ó sì ti gbàdúrà fún mi títí dátà fi tán. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òun ò lè fún ẹni tí òun rí lórí fóònù lọ́mọ. Ó ní òun ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà fúnra òun, òun máa bi ọmọkùnrin náà ní ìbéèrè lójúkojú, ohun tó bá fi dáhùn ni òun máa fi pinnu.

Bísọ́lá kì í ṣe ọmọ tó máa fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Ó ti sọ fún mi láìfi bò. Ó ní, "Babe, tí Daddy bá ní rárá, mi ò mọ ohun tí a máa ṣe o." Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé mo ti ń jẹ ẹ̀wà nítorí rẹ̀, oúnjẹ tí mi ò fẹ́ rí sójú láti kékeré.

Bàbá náà sì rèé, kì í ṣe bàbá kékeré. Ó ṣe dírẹ́kítọ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba kan n'Íbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ga, orúnkún ń dùn ún, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéra, ó pe Bísọ́lá, èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń tẹ́tí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá tì mí mọ́nú ọkọ̀ o. Mi ò fẹ́ AC. Atẹ́gùn ni mo fẹ́."

Ọjọ́ tí Bàbá máa dé, Bísọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì rí ẹni tó máa bá a di àyè rẹ̀ mú. Èmi nìkan ni mo máa lọ gbé e ní airport. Ọkọ̀ tèmi kéré, ìjókòó iwájú rẹ̀ kì í lọ sẹ́yìn, kì í bọ̀ síwájú, bó ṣe wà nígbà tí mo rà á náà ló wà. Bísọ́lá ní, "Please, lọ yá van. Something big. Ẹsẹ̀ Daddy gùn." Ẹni tó bá ní làákàyè, van ló máa lọ yá. Ṣùgbọ́n etí mi ti gbọ́ atẹ́gùn, kò sì tún fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Kí n má parọ́, ọkọ̀ tó ń ṣí orí, èyí tí wọ́n ń pè ní convertible, ti ń wù mí látọjọ́ tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Mo máa ń rí wọn lójú títì. Ẹni tó ń wà á á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀kùn, oòrùn á máa ràn sí i lórí, kò sì ní wo ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé mo jọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àǹfààní ni mi ò tíì rí. Nígbà tí Bàbá wá ní atẹ́gùn lòun fẹ́, mo rí i gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbàdúrà kankan.

Uncle Fẹ́mi, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ń ta ọkọ̀ ní Conyers, ó sì tún máa ń yá wọn fáwọn èèyàn. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú aṣọ ọsibítù lọ́rùn. Ọkọ̀ tó ń ṣí orí tó wà ńlẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: pupa kan, búlúù kan, funfun kan. Ẹ má rò pé mo kàn nawọ́ sí èyí tó wù mí o. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Mo tọrọ agboorùn kan lọ́wọ́ Uncle Fẹ́mi, mo fi ṣe ọ̀pá, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí bàbá àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Tọkọtaya kan tó wá ra ọkọ̀ dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, wọ́n ń wò mí.

Pupa ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ó rẹlẹ̀ gan-an. Mo rò pé mo ti jókòó, àṣé mo ṣì ń lọ. Ìjókòó rẹ̀ le, ó sì há mi ní ìbàdí lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, mo ní láti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n gbọ́wọ́ lélẹ̀, kí n wá rákòrò bọ́ síta. Mo ní èyí kọ́. Búlúù ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ sì ráyè nà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Uncle Fẹ́mi tẹ bọ́tìnnì pé kí òrùlé padà wá, òrùlé náà bà lé mi lórí, ó sì dúró síbẹ̀. Mi ò sì ga tó Bàbá. Mo ro ti fìlà rẹ̀, mo ní èyí náà kọ́.

Funfun ló wá ṣe mí bákan. Ìjókòó iwájú rẹ̀ gbòòrò bí àga pálọ̀. Awọ rẹ̀ rọ̀, tí o bá tẹ ibì kan ó máa ń tutù, tí o bá tẹ ibòmíràn á máa rọra tẹ̀ ọ́ lẹ́yìn níbi tó ń dùn ọ́ gan-an. Mo na ẹsẹ̀ títí, ẹsẹ̀ ò kan nǹkan kan. Òrùlé padà wá, ó fàyè sílẹ̀ fún fìlà. Mo dijú. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ débi pé Uncle Fẹ́mi wá gba agboorùn rẹ̀.

Ó ní, "Back seat ńkọ́? Ṣé o ti wo ẹ̀yìn?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jọ ìjókòó. Mo gbé báàgì iṣẹ́ mi síbẹ̀, ó jókòó dáadáa, kò ráhùn. Mo ní, "Uncle, ta ló fẹ́ jókòó sẹ́yìn sà? Bàbá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ gbé."

Ó ní, "Ó dáa o. Ìwọ lo mọ Bàbá ẹ."

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Sátidé pé, oòrùn ràn, ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. Mo ti ká òrùlé kúrò kí n tó dé airport, kí Bàbá lè rí bí ọkọ̀ náà ṣe rí látòkèèrè. Mo dúró síwájú ibi tí àwọn èrò ti ń jáde. Kò pẹ́ ni mo rí i, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í bọ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, ó dé fìlà, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló ń tì í. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ẹnì kan pariwo. Ọkùnrin kan ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń wá ibi tí iṣan ọrùn mi ti ń lù, ó ní kí wọ́n pe 911. Mo wà nílẹ̀, mò ń sọ pé, "I'm fine, I'm just greeting him," ṣùgbọ́n Bàbá ò tíì ní kí n dìde, mi ò sì lè dìde. Bàbá wò mí láti orí dé gìgísẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní, "Dìde." Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ yẹn ló dáa jù.

Mo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Bàbá dìde nínú kẹ̀kẹ́, ó gba iwájú ilẹ̀kùn tí mo ṣí kọjá, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó gbọ́wọ́ lé ọ̀pá, ó ń retí kí n ṣílẹ̀kùn fún òun. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ náà ní.

Mo ní, "Daddy, iwájú ni, sà. Àga iwájú ló tura jù. Ó máa ń tẹni lẹ́yìn."

Ó ní, "Iwájú?" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé mo ní kó gorí ẹńjìnnì. "Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi gbé fáìlì ló máa ń jókòó síwájú. Ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni àyè mi látọjọ́ tí mo ti di dírẹ́kítọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ilé wa, ọ̀gá kì í jókòó ti dírẹ́bà. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni àyè ẹni ńlá, owner's corner ni gbogbo ayé ń pè é. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà, àfi bí ẹni pé inú bàálù tó gbé mi wá ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. Mo ti jókòó sórí àga iwájú ọkọ̀ mẹ́ta, mo ti sọ agboorùn di ọ̀pá lójú àlejò, àyè kan ṣoṣo tí Bàbá máa jókòó sí ni mi ò jókòó sí.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Ẹ ò lè wọ ibẹ̀, sà." Ó yá, ẹ jẹ́ ká rí ẹni tó máa wo bàbá ìyàwó lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sọ pé ara yín ò lè wọ àyè ọlá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Obìnrin tó ti kẹ̀kẹ́ wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo Bàbá, ó ní, "Baby, that man is not going to fit back there." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo tẹ àga iwájú síwájú, èmi mú apá, obìnrin náà mú ẹsẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé kò sí òrùlé, òkè la ti sọ Bàbá kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tó jókòó tán, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà níwájú àgbọ̀n rẹ̀. Tó bá fẹ́ wo iwájú, àárín wọn ló ní láti gbà wò ó.

Mo ní, "Ṣé ó tù yín lára, sà?"

Ó ní, "Ó tù mí lára."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè àyè ọlá, tí wọ́n sì fún un, kò tún lè máa ké pé àyè ọlá ń ká òun lẹ́sẹ̀ kò. A jọ fi ọ̀wọ̀ wọ ara wa.

Ó wá ku àpótí méjì. Mo ṣí búùtù. Inú búùtù ni òrùlé máa ń ká ara rẹ̀ sí, Uncle Fẹ́mi ò sọ, èmi náà ò béèrè. Àyè tó kù níbẹ̀ kò gbà ju bàtà lọ. Ọlọ́pàá airport ti ń fọn fèrè pé kí n kúrò lójú ọ̀nà. Mo gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo gbé ìkejì sórí àga iwájú, mo fi bẹ́líìtì dè é. Bí a ṣe gbéra nìyẹn: àpótí tí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀ jókòó síwájú lórí àga pálọ̀, àga náà ń tutù fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Dírẹ́kítọ̀ wà lẹ́yìn, ó ká bí ẹni tí wọ́n dì sínú páálí.

Ohun kan tún wà nípa ọkọ̀ tó ń ṣí orí. Ẹni tó wà níwájú, dígí iwájú ń gba afẹ́fẹ́ dúró fún un, jẹ́jẹ́ ló máa ń fẹ́ sí i. Gbogbo èyí tí dígí lé lọ, orí ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń wó lé. A ò tíì rìn jìnnà lórí márosẹ̀ I-75 tí fìlà Bàbá fi gbéra. Mo rí i nínú dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn, ó ń lọ sápá ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá ò wẹ̀yìn wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni nítorí pé mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń padé láàárín orúnkún méjèèjì, ó sì máa ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wo orí mi látẹ̀yìn. Ohùn nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn ọkọ̀ ẹrù ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ ń hu. Mo kígbe nígbà àkọ́kọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́!" Òun náà ò gbọ́ mi, ó kàn lejú. Mo rò ó pé tí mo bá tún sọ pé mi ò gbọ́, á ní adití ni ọmọ òun fẹ́ fẹ́. Kí ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ nígbà tí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀? Mo gbé orí sókè, mo mi orí dáadáa kó lè rí i, mo kígbe pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ó tún bi mí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ó bi mí òmíràn. Mo rò pé ó yẹ kí n fi ọ̀yàyà sí i, mo bá na àtàǹpàkò sókè, mo rẹ́rìn-ín nínú dígí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Mo rí i tó gbé ọwọ́ kan lé orí. Mo ní orí ló ń tutù, nítorí fìlà. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ wa ń lọ dáadáa.

Ibẹ̀ ni òjò ti dé. Ẹ̀yin tó ń gbé Atlanta mọ irú òjò yẹn, tó jẹ́ pé oòrùn ń ràn níwájú, òkùnkùn ti dé lẹ́yìn, kí o tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì ó ti wà lọ́rùn ẹ. Mo tẹ bọ́tìnnì òrùlé. Ọkọ̀ ní, lórí ojú rédíò níbẹ̀, pé òun ò lè ti òrùlé nígbà tí òun ń sáré. Òjò ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Mo yà kúrò ní márosẹ̀ ní Stockbridge, mo sáré wọ ilé epo kan, mo dúró sábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Kóòtù Bàbá ti dúdú ju bó ṣe wà lọ. Mo tún tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé gbéra nínú búùtù, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ látẹ̀yìn, ó dé òkè orí Bàbá, ó sì dúró. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe Uncle Fẹ́mi. Mo ní, "Uncle, òrùlé ti há, sà."

Ó ní, "Something dey block am. Wò ó, kí ló wà níbẹ̀?"

"Orí ni, sà."

"Orí kí ni?"

"Orí Bàbá, sà. Orí bàbá ìyàwó mi."

Ó wá ní, "Kí ni orí Bàbá ń ṣe lẹ́yìn?"

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá náà ti ń fi fóònù rẹ̀ pamọ́ sápò. Mi ò béèrè ẹni tó pè. Mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ kí n gbé yín jáde, sà." Ó ní ẹsẹ̀ òun ti sùn. Èyí ò bà mí lẹ́rù, iṣẹ́ mi ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn nọ́ọ̀sì gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gun búùtù, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ òrùlé, mo gbá Bàbá mú lábẹ́ apá látẹ̀yìn. Mo ní kó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo fà á. Ó gbéra díẹ̀, bàtà mi yọ̀ nítorí omi òjò, mo sì jábọ́ sínú ọkọ̀. Ìdí mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá sì jókòó lé mi lórí itan.

Báyìí ni Bísọ́lá ṣe bá wa. Òun ni Bàbá pè. Ó ti sáré kúrò níbi iṣẹ́, tí kò jìnnà síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn apòògùn lọ́rùn, ó páàkì ọkọ̀ rẹ̀, ó rìn wá, ó dúró. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ funfun kékeré, òrùlé là sórí wa méjèèjì, àpótí kan jókòó síwájú pẹ̀lú bẹ́líìtì. Mo fẹ́ kí i, mi ò rí èémí fi kí i.

Bísọ́lá tú bẹ́líìtì àpótí iwájú, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ti àga náà síwájú pátápátá. Ó mú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra gbé wọn síta, ó nawọ́ sí i. Bàbá dìde. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá àga oníke kan nílé epo náà, ó fi Bàbá jókòó, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún lórí. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi.

"Ta ló ní kí Daddy lọ jókòó sẹ́yìn?"

Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo òjò. Ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí òjò rí. Mo rí i pé àgbàlagbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kò mọ bó ṣe máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun lòun ní kí wọ́n ká òun síbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo ní, "Èmi ni. Má bínú."

Bàbá yí orí padà, ó wò mí.

Bísọ́lá wá súnmọ́ mi, ó ní, "Daddy ní o sọ fún àwọn pé o ti níyàwó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní o sọ pé ó ti bímọ fún ẹ. Wọ́n ní o ti lọ sẹ́wọ̀n rí, that you even gave thumbs up! And you said I know about it?"

Mo ní, "Bísọ́lá, mi ò gbọ́ ohun kan nínú ohun tí Daddy ń sọ. Afẹ́fẹ́ ni. Mi ò gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo."

"So why were you saying yes?"

"Àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Kí ni kí n sọ?"

Bàbá gbé ọ̀pá kọ́ itan. "Láti ibo lo ò ti gbọ́ mi?"

"Láti airport, sà."

"O wá ń dá mi lóhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni sà fún mi mọ́ lónìí."

Ó kù díẹ̀ kí n tún sọ ọ́. Mo pa ẹnu mọ́. Bàbá ní kí n súnmọ́ òun, mo lọ lóṣòó síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìbéèrè kan ló kù. Gbọ́ ọ dáadáa kí o tó dáhùn. Tí mo bá ní mi ò fún ọ ní Bísọ́lá, kí o máa lọ, ṣé wàá gbà?"

Mi ò tíì sọ rárá fún ẹni tó dàgbà tó Bàbá rí láyé mi. Ẹnu mi ti ń múra láti sọ ohun tó mọ̀ ọ́n sọ. Mo wo Bísọ́lá, tó tẹ aṣọ iṣẹ́ tó ti rin ṣinṣin mọ́ra, tó ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Rárá, sà."

"Mi ò gbọ́."

"Rárá, sà!" Ọkùnrin kan tó ń fa epo sọ́kọ̀ bojú wò wá.

Bàbá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbọ̀n ọ́n débi pé ó di orúnkún mú. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n sọ! Mo ti ń rò pé ọmọ mi fẹ́ lọ fẹ́ ẹni tí kò ní í lè fọhùn níwájú ẹnikẹ́ni." Ó nawọ́ kí n fà á dìde. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀ Bísọ́lá, ó lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọlé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Àna mi, àpótí mi ńkọ́?"

Mo gbé àpótí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wúwo títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ṣòro. Tí àgbà bá sọ̀rọ̀ tí o ò gbọ́, sọ pé o ò gbọ́, má fi ọ̀wọ̀ dá ara rẹ lẹ́wọ̀n tí o ò lọ. Tí o bá sì fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe tura tó, àyè tí ẹni tó ò ń gbé máa jókòó sí ni kí o jókòó sí, kì í ṣe àyè tó wù ọ́. Mo dá ọkọ̀ funfun náà padà sí Conyers nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí n tó fún Uncle Fẹ́mi ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kí n kúkú wo ẹ̀yìn náà dáadáa, kí n lè mọ ohun tí mo fi ojú Bàbá rí. Òrùlé ti padà sípò báyìí. Mo wọlé, mo jókòó, mo ká ẹsẹ̀ bó ṣe ká a. Ó há. Ó há gan-an ni. Nígbà tí mo ní kí n jáde, mi ò rí ọ̀nà. Uncle Fẹ́mi yọjú láti iwájú, ó rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lókun mọ́ láti fà mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà dùn, àfi pé nígbàkigbà tí mo bá rín in, orúnkún mi ló ń gbá mi lágbọ̀n.